Ètò Ìtọ́sọ́nà fún Nọ́ọ̀sì Tuntun: Bí Ẹ Ṣe Lè Bẹ̀rẹ̀ Rẹ̀ ní Wọ́ọ̀dù Yín n'Íbàdàn

Ìbéèrè kan náà ni àwọn olórí wọ́ọ̀dù máa ń bi mí ní gbogbo ìgbà tí ilé ìwòsàn wọn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àwọn nọ́ọ̀sì tuntun: "Mà, àwọn ọmọ yìí ò dúró. Oṣù mẹ́ta, wọ́n ti lọ. Kí la máa ṣe?" Owó oṣù ló kọ́kọ́ máa ń wá síni lẹ́nu. Òótọ́ ni, owó ò tó, ọwọ́ èmi àti ẹ̀yin ò sì tó ibi tí wọ́n ti ń pín in. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tó sì ń jáde lẹ́nu wọn kọjá owó. "Wọ́n fi èmi nìkan sílẹ̀ lóru, mi ò rí ẹni bi." "Gbogbo ìgbà tí mo bá béèrè nǹkan ni wọ́n ń bi mí pé kí ni mo lọ kọ́ nílé ìwé." Àwọn nǹkan wọ̀nyí la lè tún ṣe láìdúró de ìjọba.

Ohun tí mo ń sọ níbí ni èyí tí a ń pè ní mẹ́ńtọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì kan tó ti mọ ọ̀nà yóò mú ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́wọ́, fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Màá máa pe ẹni àkọ́kọ́ ní olùtọ́sọ́nà.

Ohun tí kì í ṣe

Kì í ṣe ìpàdé ọlọ́jọ́ méjì tí a fi ń kí àwọn ẹni tuntun káàbọ̀, níbi tí a ti ń fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ọ́fíìsì ìṣirò owó hàn wọ́n. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì ni.

Kì í sì ṣe ẹ̀kọ́ṣẹ́. Télọ̀ lè ní kí ọmọ iṣẹ́ gbá ṣọ́ọ̀bù, kó ra àmàlà wá, kó lọ mú ọmọ ọ̀gá nílé ìwé. Nọ́ọ̀sì tuntun ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Nursing and Midwifery Council bíi tiyín. Bí ẹ bá rí olùtọ́sọ́nà tó ń rán ẹni tí wọ́n fi sí i lọ́wọ́ lọ ra oúnjẹ ní gbogbo ọ̀sán, ètò yín ti bà jẹ́ nìyẹn, ẹ yára pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni sí ìpàdé

☐ Ọ̀gá àgbà àwọn nọ́ọ̀sì ti fọwọ́ sí i. Ìwé ojú kan ti tó. Ẹ má ṣe é ní bòńkẹ́lẹ́, torí ọjọ́ tí wàhálà bá dé, wọn yóò ní ẹgbẹ́ lẹ ń dá sílẹ̀.
☐ Ẹni tó ń kọ rọ́sítà ti gbà. Bí kò bá tíì gbà, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ má lọ síwájú.
☐ Ibi kan wà tí ènìyàn méjì lè jókòó sí fún ogún ìṣẹ́jú tí aláìsàn tàbí ẹlẹgbẹ́ ò fi ní gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.
☐ Ìwé kékeré kan fún nọ́ọ̀sì tuntun kọ̀ọ̀kan. Tirẹ̀ ni, ọ̀gá kankan ò gbọdọ̀ gbà á kà.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti wọ́ọ̀dù kan

Ẹ mú èyí tí olórí wọ́ọ̀dù rẹ̀ fẹ́ ẹ, kì í ṣe èyí tí wàhálà rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ ṣe é fún oṣù mẹ́fà kí ẹ tó gbé e lọ sí òmíràn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yan olùtọ́sọ́nà

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé a máa ń mú ẹni tó dàgbà jù. CNO (Chief Nursing Officer, ọ̀gá nọ́ọ̀sì) tó ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́ mọ nǹkan púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ti gbàgbé bí ọwọ́ ṣe ń gbọ̀n nígbà tí ènìyàn kọ́kọ́ ń wá iṣan ọmọdé tí kò lómi lára. Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́ta sí mẹ́jọ ṣì rántí. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹni tí ẹ fẹ́:
- Ó máa ń ṣàlàyé nǹkan fún aláìsàn láìkanra. Bó ṣe ń bá ìyá arúgbó tó wá láti abúlé sọ̀rọ̀ ni yóò ṣe bá nọ́ọ̀sì tuntun sọ̀rọ̀.
- Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé òun fẹ́ ẹ. Ẹ má fi í ṣe ìyà fún ẹnikẹ́ni.
- Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń kọ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tí kò wọ̀n sínú ìwé aláìsàn yóò fi ìwà yẹn kọ́ni.

Ẹni tí ẹ kò gbọdọ̀ mú, bó ti wù kó dára tó: ẹni tó ń kọ fọ́ọ̀mù APER (ìwé àyẹ̀wò iṣẹ́ ọdọọdún) nọ́ọ̀sì yẹn. Kò sẹ́ni tó máa jẹ́wọ́ àìmọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó máa fún un ní máàkì lópin ọdún. Àwọn olórí wọ́ọ̀dù máa ń bá mi jà lórí èyí. Wọ́n ní, "Ṣebí èmi ni ìyá wọn níbí?" Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá ni yín. Ọmọ a sì máa fi nǹkan pa mọ́ fún ìyá.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kọ́ àwọn olùtọ́sọ́nà

Ìdajì ọjọ́ ti tó. Ohun mẹ́ta péré ni kí wọ́n bá lọ:

1. Bí a ṣe ń fi iṣẹ́ kọ́ni: "Wò mí." "Jẹ́ ká jọ ṣe é." "Ṣe é kí n wò ọ́." Kí wọ́n má fo ìpele àárín.
2. Bí a ṣe ń báni wí níkọ̀kọ̀. Ìbáwí tó bá wáyé lójú aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ kì í kọ́ni ní nǹkan kan; ìtìjú ló ń kó báni. Aláìsàn náà ò sì ní gbà kí nọ́ọ̀sì yẹn fọwọ́ kan òun mọ́. Àyàfi bí ewu bá fẹ́ dé bá aláìsàn. Nígbà náà, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ ní "Dúró ná," kí ẹ tó fà á sẹ́yìn.
3. Ohun tí kò ṣeé pa mọ́. Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì tuntun bá bá olùtọ́sọ́nà sọ, àṣírí ni, àyàfi bó bá kan ewu fún aláìsàn tàbí fún òun fúnra rẹ̀. Kí àwọn méjèèjì mọ èyí láti ọjọ́ kìíní.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ so wọ́n pọ̀, kí ẹ sì so rọ́sítà wọn pọ̀

Ẹ fún nọ́ọ̀sì tuntun ní orúkọ ẹni mẹ́ta, kó mú ọ̀kan. Kó kọ ọ́ sórí bébà, kó má pè é jáde lójú gbogbo ayé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ètò ń kú sí ni rọ́sítà. Ẹ so wọ́n pọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ àárọ̀, èkejì ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá tí wọn ò fojú kan ara wọn àyàfi lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí mo fara mọ́ rèé:

- Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́: ó kéré tán, iṣẹ́ mẹ́ta nínú márùn-ún kí wọ́n jọ ṣe é.
- Iṣẹ́ alẹ́ àkọ́kọ́ nọ́ọ̀sì tuntun: kí olùtọ́sọ́nà rẹ̀ wà níbẹ̀. Èyí ò ní àfirọ́pò. Bí olùtọ́sọ́nà bá gba ìsinmi, ẹ sún alẹ́ náà síwájú.
- Láti oṣù kejì: iṣẹ́ kan lọ́sẹ̀ pa pọ̀, àti ogún ìṣẹ́jú ìjókòó.

Ìjókòó yìí, ẹ fi sí àárín iṣẹ́ àárọ̀, lẹ́yìn tí àwọn dókítà bá ti lọ yípo wọ́ọ̀dù tán. Ẹ má fi sí ìparí iṣẹ́ ọ̀sán. Ẹni tó ń gbé Olódó tàbí Mọ́níyà, tó fẹ́ wọ ọkọ̀ Micra kí ilẹ̀ tó ṣú jù, kò ní gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Ojú rẹ̀ yóò máa wo aago.

Ìgbésẹ̀ 5: Ìpàdé àkọ́kọ́

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ilé ìwé wo lo lọ?" Yálà ó wá láti Ẹlẹ́yẹlé, láti UCH, tàbí láti yunifásítì, ilé ìwé kì í sọ ohun tí ọwọ́ ti ṣe. Ẹ jọ kọ àtòkọ iṣẹ́ wọ́ọ̀dù yín sílẹ̀: fífi kánúlà (ọ̀pá tín-ín-rín tí omi àti oògùn ń gbà wọlé) sí iṣan, fífa ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn lára, lílo ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, pípín oògùn, gbígba aláìsàn láti yàrá iṣẹ́ abẹ, títẹ́ òkú. Bẹ́ẹ̀ ni, títẹ́ òkú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò tíì fọwọ́ kan òkú rí, ẹnikẹ́ni kì í sì í bi wọ́n. Níwájú ohun kọ̀ọ̀kan, kó kọ iye ìgbà tó ti ṣe é.

Ẹ jọ fẹnu kò lórí: ọjọ́ ìjókòó yín, àkókò tó lè pè yín lórí fóònù àti èyí tí kò lè pè yín, àti ohun méjì tó fẹ́ mọ̀ kí oṣù yìí tó parí.

Ìgbésẹ̀ 6: Ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀

*Ọ̀sẹ̀ kìíní:* Kó mọ wọ́ọ̀dù. Níbo ni àpótí oògùn pàjáwìrì wà? Ta ló ní kọ́kọ́rọ́? Bí iná bá lọ, kí là ń kọ́kọ́ wò? (Aláìsàn tó wà lórí ẹ̀rọ ni, lẹ́yìn náà jẹnẹrétọ̀.)

*Ọ̀sẹ̀ kejì:* Oògùn. Kí wọ́n jọ pín in ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá jọ wà. Ẹ là á mọ́lẹ̀ pé insulin (oògùn àtọ̀gbẹ), heparin (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) àti ẹ̀jẹ̀ tí a fẹ́ fà sára, ènìyàn méjì ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Potassium chloride inú ìgò kékeré, a kì í gún un sí iṣan láìpò ó. Ó lè dá ọkàn aláìsàn dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí a bá ti fà, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ lẹ̀ ń dúró ti aláìsàn, ẹ kì í lọ jẹun.

*Ọ̀sẹ̀ kẹta:* Bí a ṣe ń pe dókítà ní agogo méjì òru. Ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun máa ń bẹ̀rù ìpè yìí ju òkú lọ. Ẹ kọ́ wọn ní gbólóhùn mẹ́rin, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó tẹ fóònù:
1. Ta ni mí, ta ni aláìsàn, kí ló ń ṣẹlẹ̀ báyìí.
2. Kí ló gbé e wá, kí la ti ṣe fún un.
3. Kí ni mo rí: ìfúnpá, èémí, ìgbóná ara, ìwọ̀n ọ́síjìn.
4. Kí ni mo fẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá wò ó nísinsìnyí," tàbí "Ṣé kí n fún un ní báyìí-báyìí?"

Gbólóhùn kẹrin ni wọ́n máa ń gbàgbé. Dókítà á ní òun ti gbọ́, á sì padà sùn.

*Ọ̀sẹ̀ kẹrin:* Iṣẹ́ alẹ́ àkọ́kọ́.

*Oṣù kejì sí ìkẹfà:* Ẹ máa ṣí àtòkọ yẹn lóṣooṣù. Kó máa fún yín ní ìbéèrè, kì í ṣe kí ẹ máa wàásù fún un.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà"

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí, torí ibí ni ètò tí wọ́n kọ láti ilẹ̀ òkèèrè kì í ti í bá tiwa mu.

Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé ò ní wo àgbà lójú kó ní òun ò mọ nǹkan. Ẹ bi í pé, "Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ yìí?" yóò kúnlẹ̀ díẹ̀, yóò ní "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Kò purọ́ fún yín. Ọ̀wọ̀ ló bù fún yín. Ṣùgbọ́n aláìsàn ni yóò san gbèsè ọ̀wọ̀ yẹn.

Nítorí náà, ẹ pa ìbéèrè "Ṣé o mọ̀ ọ́n?" tì. Ẹ fi ìwọ̀nyí rọ́pò rẹ̀:

- "Ẹ̀ẹ̀melòó lo ti fi ọwọ́ ara rẹ ṣe é?"
- "Sọ bó o ṣe máa ṣe é fún mi, láti ìbẹ̀rẹ̀."
- "Ibo ló máa ń rú ọ lójú nínú ẹ̀?"

Kí ẹ̀yin náà sì jẹ́ kó gbọ́ àìmọ̀ tiyín. "Mi ò rántí ìwọ̀n oògùn yìí fún ọmọ kílò mẹ́jọ. Bá mi mú ìwé yẹn wá." Ẹ sọ ọ́ sókè. Ní wọ́ọ̀dù kan tí mo ti ṣiṣẹ́, ọjọ́ tí Mátírọ́ọ̀nù kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu àwọn ọmọ.

Èkejì tún le jùyẹn lọ: nígbà tó jẹ́ àgbà ló fẹ́ ṣe àṣìṣe. Báwo ni ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ṣe máa dá Sísítà tó lè bí i dúró? Ẹ fún un ní gbólóhùn kan tí kò ní àfojúdi nínú, kí gbogbo wọ́ọ̀dù sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Èyí tí a lò ni: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká tún orúkọ rẹ̀ kà." Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ ọ́, gbogbo ọwọ́ dúró, a tún orúkọ aláìsàn àti ti oògùn kà. Àgbà ò gbọdọ̀ bínú, kódà bí ọmọ náà bá ṣì í sọ. Ẹni tó bá bínú lẹ́ẹ̀kan, kò sí ẹni tó tún máa sọ ọ́ fún un mọ́.

Ìkìlọ̀: abẹ́rẹ́ tó gún nọ́ọ̀sì

Ẹ sọ èyí lọ́jọ́ kìíní, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ kejì.

Ní ọdún àkọ́kọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́, abẹ́rẹ́ tí mo fi gba ẹ̀jẹ̀ gún mi ní àtàǹpàkò lóru. Sísítà tí a jọ wà ti pariwo mọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì ní alẹ́ yẹn pé ọwọ́ mi ò yá. Mo lọ fọ̀ ọ́, mo fi òwú dì í, mo panu mọ́. Ọjọ́ karùn-ún ni mo tó sọ fún ẹnì kan, àkókò oògùn sì ti kọjá. Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń lọ ṣe àyẹ̀wò, tí mi ò lè sọ fún ọkọ àfẹ́sọ́nà mi. Ọlọ́run yọ mí. Ohun tí mo fi ń ṣe ètò yìí nìyẹn, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀.

Kí nọ́ọ̀sì tuntun mọ èyí bí orúkọ rẹ̀:
1. Fi omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀. Má tẹ̀ ẹ́, má fi jíìkì sí i.
2. Sọ fún ẹni tó ń darí iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ agogo mẹ́ta òru.
3. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ìwọ àti ti aláìsàn wò.
4. Oògùn tó ń dènà HIV, bí dókítà bá ní kó o lò ó, kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72 kó tó bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Ọjọ́ 28 ni wọ́n ń lò ó.
5. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn mẹ́dọ̀wú irú B, ẹ̀ẹ̀mẹta ni: ọjọ́ kìíní, lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹ bi í bóyá ó ti gbà á pé. Bí kò bá pé, ẹ jọ lọ gbà á lọ́sẹ̀ yẹn.

Kí olùtọ́sọ́nà sì ṣèlérí lójú rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò ní pariwo mọ́ ọn nítorí rẹ̀.

Àwọn àṣìṣe tí mo máa ń rí

*"A jẹ ìyà yìí, kí àwọn náà jẹ ẹ́."* Wọn kì í sọ ọ́ síta báyìí, ṣùgbọ́n òun ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ìkanra. Ẹni tó bá ní èrò yìí, ẹ má fún un ní ọmọ.

*"Ó máa japa, kí ni mo fẹ́ kọ́ ọ fún?"* Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, Council ní kí nọ́ọ̀sì lo ọdún méjì ó kéré tán lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tó gba ìwé àṣẹ kí wọ́n tó fìdí ìwé rẹ̀ múlẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè. Kódà bó bá máa lọ, alẹ́ òní ńkọ́? Òun ló máa tọ́jú aláìsàn bẹ́ẹ̀dì keje lálẹ́ òní.

*Ìwé kíkọ àpọ̀jù.* Mo ti rí ètò kan tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ jẹ́ ojú ewé mọ́kànlá. Kò lo oṣù méjì.

*Ọ̀rọ̀ aláìsàn lórí WhatsApp.* Kò sí orúkọ, kò sí fọ́tò egbò, kò sí fọ́tò ìwé aláìsàn.

Bí òṣìṣẹ́ ò bá tó

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé ìwòsàn aládàáni kékeré ní Akóbọ̀ tàbí Chalẹ́njì ti ń rẹ́rìn-ín: nọ́ọ̀sì méjì péré ló wà lẹ́nu iṣẹ́, ta ni yóò tọ́ ta sọ́nà?

- Olùtọ́sọ́nà kan fún ènìyàn mẹ́ta. Ìjókòó kan lọ́sẹ̀ fún gbogbo wọn, àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù, torí ọ̀rọ̀ kan ò ṣeé sọ láàárín èrò.
- Ilé ìwòsàn méjì tàbí mẹ́ta tó wà nítòsí ara wọn lè jọ lo olùtọ́sọ́nà. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kì í ṣe ọ̀gá wọn.
- Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Ìbàdàn kún fún wọn. Ẹ san owó ọkọ̀ wọn, kí wọ́n wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n rí oògùn àti ẹ̀rọ tí ẹ ń lò báyìí.
- Nọ́ọ̀sì ọdún kejì fún nọ́ọ̀sì ọdún kìíní. Èyí dára fún ẹ̀dùn ọkàn ju fún iṣẹ́ ọwọ́ lọ.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ ka nǹkan

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta àti mẹ́fà, ẹ ka èyí nìkan: mélòó ló ṣì wà nínú àwọn tó wọlé? Ìjókòó mélòó ló wáyé nínú èyí tó yẹ kó wáyé? Àṣìṣe, tàbí ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di àṣìṣe, mélòó ni àwọn ẹni tuntun fúnra wọn wá sọ? Bí iye ìkẹta yìí bá gòkè, ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá yín bẹ̀rù. Ohun tí wọ́n ń fi pa mọ́ tẹ́lẹ̀ ló ń jáde.

Bí àwọn méjì ò bá bára mu

Yóò ṣẹlẹ̀. Ẹ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì lè béèrè fún ìyípadà láìsọ ìdí. Ẹ má pe ìpàdé ẹbí lé e lórí, ẹ má sì ní kí ọmọ lọ bẹ àgbà. Ẹni tó ń kọ rọ́sítà yóò kàn yí orúkọ padà nínú ti oṣù tó ń bọ̀, bí a ṣe ń yí iṣẹ́ alẹ́ padà, gbogbo ènìyàn á sì rò pé rọ́sítà ló fà á.